Ṣé lóòótọ́ ni Kàsàkstán ti lé èdè Rọ́ṣíà kúrò lára pátákó?

Ohùn méjì lẹ máa ń gbọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bá ti jáde. Àwọn kan á ní ìjọba Kàsàkstán, orílẹ̀-èdè kan ní àárín Éṣíà tó bá Rọ́ṣíà pààlà, ti fòfin lé èdè Rọ́ṣíà kúrò lára pátákó ìta ṣọ́ọ̀bù pátápátá, àwọn kan á ní irọ́ ni, pé èdè ìjọba méjì ni wọ́n ní níbẹ̀, Kàsákì àti Rọ́ṣíà, kò sí èyí tó ju ìkejì lọ. Àwọn tó sọ ti àkọ́kọ́ ka nǹkan o, àwọn tó sọ ti ìkejì náà ka nǹkan, àmọ́ ibi tí kálukú kà dé ló ti dìde. Ìwé òfin mẹ́ta ló wà nídìí ọ̀rọ̀ pátákó yìí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò sì sọ nǹkan kan náà. Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé ojú títì ná. Ká ní ẹ wà ní Almaty, ìlú tó tóbi jù ní Kàsàkstán, orí ń fọ́ yín, ẹ sì ń wá kẹ́míìsì. Lára pátákó tẹ́ ẹ máa rí, apá òsì kọ ДӘРІХАНА, apá ọ̀tún kọ АПТЕКА. Ilé oògùn ni méjèèjì. Lójú ẹni tí kò mọ ìwé wọn kà, lẹ́tà kan náà ni gbogbo ẹ̀, lẹ́tà àwọn Rọ́ṣíà, Sírílíìkì tí wọ́n ń pè é. Àmọ́ ẹ padà wo ti apá òsì yẹn dáadáa: Ә tó dà bí e tí wọ́n dorí ẹ̀ kodò, àti І tó dúró ṣánṣán bí ọ̀pá, kò sí wọn nínú lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ Rọ́ṣíà lónìí. 33 ni lẹ́tà Rọ́ṣíà, àwọn Kàsákì fi 9 tiwọn kún un, ó di 42. Қ wà níbẹ̀ tó nírù, Ң náà nírù, Ғ tí wọ́n fa ìlà gba àárín ẹ̀ kọjá, Ө, Ұ, Ү, Һ. Tẹ́ ẹ bá ti rí ọ̀kan péré nínú wọn lára pátákó níbẹ̀, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe Rọ́ṣíà nìyẹn, Kàsákì ló sì máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ò tiẹ̀ nílò àtigbọ́ èdè náà kẹ́ ẹ tó mọ̀. Lórí kíbọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà, ìlà nọ́ńbà òkè lọ́hùn-ún ni wọ́n kó àwọn lẹ́tà mẹ́sàn-án yìí sí, torí pé lẹ́tà Rọ́ṣíà ti gba gbogbo àyè tó kù. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń tẹ К lásán dípò Қ tí wọ́n bá ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù, bí àwa náà ṣe ń tẹ o lásán dípò ọ tá a sì gbà pé ẹni tó ń kà á á mọ̀ ọ́n fúnra ẹ̀.

Ó dáa, òfin wá ńkọ́?

Ìwé àkọ́kọ́ ni ìwé òfin orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe lọ́dún 1995. Abala keje ibẹ̀ ni gbogbo ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ìlà kìíní ní èdè Kàsákì ni èdè orílẹ̀-èdè, ó parí síbẹ̀. Ìlà kejì wá ní láwọn iléeṣẹ́ ìjọba àti lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n á máa lo èdè Rọ́ṣíà lábẹ́ òfin, ọgbọọgba pẹ̀lú Kàsákì. Ìlà kẹta sọ̀rọ̀ nípa èdè àwọn ẹ̀yà yòókù, pé ìjọba á ṣètò bí àwọn èèyàn á ṣe máa kọ́ ọ.

Ẹ wo ìlà kejì yẹn dáadáa. Kò pe Rọ́ṣíà ní èdè orílẹ̀-èdè, ó ní wọ́n á máa lò ó. Ibo ni wọ́n á ti máa lò ó? Ọ́fíìsì ìjọba. Ìyẹn ni pé tí ìyá kan bá lọ gba ìwé ẹ̀rí ìbí ọmọ ẹ̀ tó sì jẹ́ pé Rọ́ṣíà nìkan ló gbọ́, kò sí òṣìṣẹ́ tó lè ní kó padà lọ kọ́ Kàsákì wá. Àmọ́ ìlà yẹn ò mẹ́nu kan ẹni tó ń ta bàtà, kò mẹ́nu kan ẹni tó ń ṣerun lóge, kò mẹ́nu kan pátákó rárá. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, wọ́n á rí "ọgbọọgba" wọ́n á sì nà án dé ibi tí kò dé. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ àgbà nínú èdè méjèèjì lójú ìwé òfin, ẹ wo ohun tó ní kẹ́ni tó fẹ́ ṣe ààrẹ ní: ó gbọ́dọ̀ gbọ́ Kàsákì yanjú. Ìwé òfin ò bi í bóyá ó gbọ́ Rọ́ṣíà.

Ìwé kejì ló wá bá ẹni tó ń ta bàtà nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Òfin èdè ni wọ́n ń pè é, oṣù Keje ọdún 1997 ni wọ́n ṣe é, abala 21 ẹ̀ ló sì jẹ́ òfin pátákó gan-an. Ohun tó kà sílẹ̀ pọ̀: pátákó ìta, ìkéde, ìpolówó, ìwé tí wọ́n to iye owó ọjà sí, bébà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọjà láti fi sọ iye tó jẹ́, mẹ́nù ilé oúnjẹ, àmì tó ń júwe ọ̀nà. Gbogbo ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní Kàsákì àti Rọ́ṣíà, tó bá sì yẹ, kí wọ́n fi èdè mìíràn kún un. Wọ́n tún wá sọ ibi tí kálukú á dúró sí: Kàsákì lápá òsì tàbí lókè, Rọ́ṣíà lápá ọ̀tún tàbí nísàlẹ̀, ìwọ̀n lẹ́tà méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ẹni tó ń wo fọ́tò títì Almaty lè rò pé ó kàn wu àwọn tó ni ṣọ́ọ̀bù láti tò ó bẹ́ẹ̀ ni, kò mọ̀ pé òfin ló tò ó.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n lẹ́tà yìí dà bí ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré, kì í ṣe ṣeréṣeré o. Tí òfin bá kàn ní kí èdè méjèèjì wà níbẹ̀, ẹnì kan á kọ Rọ́ṣíà gàdàgbà gadagba á wá fi Kàsákì bíntín há igun kan, á ní òun ò ṣẹ̀ sófin. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kó dọ́gba. Wàhálà ẹni tó ń ṣe pátákó wá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, torí ọ̀rọ̀ èdè méjèèjì kì í gùn bákan náà. Ẹ wo ti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gẹrun: ШАШТАРАЗ ni Kàsákì, lẹ́tà 8, ПАРИКМАХЕРСКАЯ ni Rọ́ṣíà, lẹ́tà 14. Tí iwájú ṣọ́ọ̀bù ò bá fẹ̀, ẹ ò lè fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí lẹ́tà wọn ṣì tóbi tó ohun téèyàn ń rí láti òdìkejì títì, àfi kẹ́ ẹ to ọ̀kan sórí èkejì, kí pátákó ga sí i, kówó ẹ̀ sì ga sí i. Ọ̀pọ̀ ọdún ni gbogbo ọlọ́jà ibẹ̀ fi ń san owó èdè méjì lórí pátákó kan.

Ìwé kẹta ló dá ariwo ìsinsìnyí sílẹ̀. December 29, 2021 ni Ààrẹ Kassym-Jomart Tokayev buwọ́ lu àtúnṣe òfin lórí àwọn ohun tí wọ́n ń kọ síta. Ohun tí àtúnṣe yẹn sọ ni pé kí pátákó wà ní Kàsákì, tó bá sì yẹ, kí wọ́n fi Rọ́ṣíà tàbí èdè mìíràn kún un. Ẹ rántí "tó bá yẹ" yìí, ó ti wà nínú òfin 1997 tẹ́lẹ̀, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn èdè tó kù ló wà fún nígbà yẹn. Ohun tí wọ́n ṣe lọ́dún 2021 ò ju pé wọ́n gbé Rọ́ṣíà kúrò nídìí "gbọ́dọ̀" lọ jókòó sídìí "tó bá yẹ". Ìyẹn náà ni. Kò síbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé Rọ́ṣíà ò gbọdọ̀ hàn síta.

Ká wá mú un lọ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Tó o bá kọ Kàsákì nìkan, kó tó ọdún 2021 o ti rú òfin, ní báyìí o ò rú òfin kankan. Tó o bá kọ méjèèjì bó ṣe yẹ, o ò rú òfin nígbà yẹn, o ò sì rú u báyìí. Tó o bá wá kọ Rọ́ṣíà nìkan, o rú òfin nígbà yẹn, o ṣì rú u dòní. Nítorí náà, nígbà tẹ́ ẹ bá rí fídíò ẹni tó ń pariwo pé ìjọba ní kóun yọ pátákó Rọ́ṣíà òun torí òfin tuntun, ẹ bi í bóyá Kàsákì wà lára ẹ̀. Tí kò bá sí, òfin ọdún 1997 ló mú un, ó kàn jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ti ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́wọ́ ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ èdè ní ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń lọ kiri wo pátákó, ìkìlọ̀ tàbí owó ìtanràn sì wà nínú òfin fẹ́ni tó bá kọ̀ láti tún tiẹ̀ ṣe.

Ẹnì kan á bi mí pé, ta ló ń pinnu pé "ó yẹ"? Kò sẹ́ni tó jókòó sípò ìyẹn. Ọlọ́ṣọ́ọ̀bù ló ń pinnu. Ní Petropavl, lápá àríwá tí ọ̀pọ̀ àwọn Rọ́ṣíà ń gbé, ọlọ́jà tó bá mọ ohun tó ń ṣe ò ní yọ Rọ́ṣíà kúrò, torí àwọn oníbàárà ẹ̀ nìyẹn. Ní Kyzylorda lápá gúúsù, ibi tó jẹ́ pé Kàsákì ló kún ibẹ̀ bámúbámú, kí ló máa fowó lẹ́tà Rọ́ṣíà ṣe? Èmi ò rò pé wọ́n ṣèèṣì kọ òfin yẹn bẹ́ẹ̀ láìsọ ẹni tó ń pinnu. Ó jọ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni, kẹ́ni tó fẹ́ Kàsákì lè rí nǹkan dì mú, kẹ́ni tó ń bẹ̀rù Rọ́ṣíà náà lè sọ pé wọn ò yọ ọ́.

Nǹkan kan tún wà tí ariwo pátákó kì í jẹ́ kí wọ́n sọ. Bébà ara ọjà, ìyẹn èyí tó ń sọ ohun tí wọ́n fi ṣe bisikíìtì tàbí bí wọ́n ṣe ń lo ọṣẹ, abala 21 kan náà ní kó wà ní Kàsákì àti Rọ́ṣíà, àtúnṣe 2021 ò sì lé Rọ́ṣíà kúrò níbẹ̀. Pátákó ń fi ẹni tó nilẹ̀ hàn, àmọ́ ara páálí wàrà ọmọdé, ó yẹ kí gbogbo èèyàn lè kà á.

Kí ló tiẹ̀ mú kí lẹ́tà lára ògiri gbóná tó báyìí? Ọ̀rọ̀ náà jìn.

Láàárín 1930 sí 1933, ìjọba Sófíẹ̀tì, tí Moscow ń darí tí Kàsàkstán sì wà lábẹ́ ẹ̀ nígbà yẹn, gba màlúù, àgùntàn àti ẹṣin lọ́wọ́ àwọn Kàsákì tó ń da ẹran kiri, wọ́n fipá mú wọn jókòó sójú kan, ìyàn wá mú, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ààbọ̀ èèyàn ló kú. Lẹ́yìn náà wọ́n sọ ilẹ̀ náà di ibi tí wọ́n ń kó èèyàn dà sí: wọ́n kó àwọn Kòríà wá láti etí òkun ìlà oòrùn lọ́dún 1937, wọ́n kó àwọn Jámánì tó ń gbé lẹ́bàá odò Volga ní Rọ́ṣíà wá lọ́dún 1941, wọ́n kó àwọn Chechnya wá lọ́dún 1944. Ọdún 1954 wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ètò ilẹ̀ tuntun, kí wọ́n lè fi pápá gbin àlìkámà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn Rọ́ṣíà àti Ukraine ló tún wọlé dé. Nígbà tí wọ́n fi máa ka èèyàn lọ́dún 1959, nínú 100 èèyàn tó wà ní Kàsàkstán, nǹkan bí 30 péré ló jẹ́ Kàsákì, àwọn Rọ́ṣíà nìkan lé ní 40. Lórí ilẹ̀ bàbá wọn o.

Ẹ fi èyí kún ọ̀rọ̀ iléèwé. Ọdún 1938 ni Moscow pàṣẹ pé èdè Rọ́ṣíà ti di dandan ní gbogbo iléèwé ilẹ̀ Sófíẹ̀tì. Láwọn ìlú ńlá, iléèwé tó ń fi Kàsákì kọ́ni kò tó nǹkan mọ́ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ ẹ̀ ríṣẹ́ gidi, iléèwé tó ń fi Rọ́ṣíà kọ́ni ló máa fi í sí. Kàsákì wá di èdè abúlé, èdè ìyá àgbà. Ọmọ Kàsákì tó dàgbà ní Alma-Ata, bí wọ́n ṣe ń pe Almaty nígbà yẹn, lè má lè bá ìyá bàbá ẹ̀ sọ̀rọ̀ tó gùn. Wọ́n ní orúkọ tí wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀, shala-qazaq, Kàsákì tí ò jinná, orúkọ náà sì ń dun àwọn tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ títí dòní. Oṣù December ọdún 1986, nígbà tí Moscow yọ Kunaev tó jẹ́ Kàsákì nípò olórí tí wọ́n sì fi Kolbin láti Rọ́ṣíà rọ́pò ẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ dà síta ní Alma-Ata, ìjọba sì kó agbára bò wọ́n. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, September 22, 1989, òfin èdè àkọ́kọ́ jáde tó pe Kàsákì ní èdè ìjọba, nígbà tí Sófíẹ̀tì ò tíì tú ká. December 16, 1991 ni wọ́n gba òmìnira, àwọn ló gbẹ̀yìn nínú gbogbo ìpínlẹ̀ 15 tó para pọ̀ di Sófíẹ̀tì.

Lónìí, iye ti yí padà. Ìkànìyàn 2021 ní àwọn Kàsákì lé díẹ̀ ní 70 nínú 100, àwọn Rọ́ṣíà jẹ́ nǹkan bí 15. Ọ̀pọ̀ ló ti kó lọ sí Rọ́ṣíà àti Jámánì láti ọdún 1990 wá, ìjọba sì tún ń pe àwọn Kàsákì tó wà ní Ṣáínà, Mòǹgólíà àti Uzbekistan wálé. Ọmọ ogún ọdún tó ń rìn lójú títì lónìí ò mọ ìgbà tí Kàsákì kéré nílẹ̀ ẹ̀, tó bá wá rí ṣọ́ọ̀bù tí kò kọ Kàsákì dáadáa, inú ẹ̀ ò lè dùn. Òun àti bàbá ẹ̀ tó fi èdè Rọ́ṣíà kàwé ò rí pátákó náà bákan náà.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ "patrol èdè" ti wáyé. Lọ́dún 2021, àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ èdè kan bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ṣọ́ọ̀bù kiri pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, wọ́n á ní kí ọlọ́jà bá àwọn sọ Kàsákì, tí kò bá lè sọ ọ́ wọ́n á ní kó tọrọ àforíjì lójú kámẹ́rà, wọ́n á wá gbé fídíò ẹ̀ sórí YouTube. Àwọn olóṣèlú Rọ́ṣíà gbaná jẹ, àwọn aláṣẹ Kàsàkstán fúnra wọn bu ẹnu àtẹ́ lu ìwà náà. Kì í ṣe pé ohun tí wọ́n ń béèrè ṣàjèjì o, àmọ́ ẹ bá mi wo ẹni tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà sí lójú: obìnrin tó ń ta búrẹ́dì, tí wọ́n ń san owó kékeré fún, kì í ṣe ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe ìjọba tó yẹ kó ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọ ní Kàsákì. Ètò ìjọba ti 2011 sí 2020 ní èèyàn 95 nínú 100 á ti gbọ́ Kàsákì tó bá fi máa di 2020. Kíkọ ètò sínú ìwé ò le, olùkọ́ tó dáńgájíá àti ìwé tó dáa ló wọ́n. Lójú tèmi, ohun tó jẹ́ kí ìjọba fẹ́ràn òfin pátákó nìyẹn: ọjọ́ kan lèèyàn lè tún pátákó kùn, kò sì ní bá a jiyàn.

Ohun tó wà lára pátákó náà kì í sì í dára nígbà gbogbo. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ló ń ronú ní Rọ́ṣíà, tí wọ́n á kọ ọ́ ní Rọ́ṣíà, tí wọ́n á wá ní kẹ́nì kan tàbí kí kọ̀ǹpútà yí i sí Kàsákì kí òfin má bàa mú wọn. Ohun tó ń jáde níbẹ̀, Kàsákì gidi á kà á á fi ṣe yẹ̀yẹ́. Fọ́ǹtì náà, ìyẹn bátànì tí kọ̀ǹpútà fi ń ya lẹ́tà, tún wà níbẹ̀: àwọn fọ́ǹtì ọlọ́ṣọ̀ọ́ mìíràn, lẹ́tà Rọ́ṣíà 33 nìkan ló wà nínú ẹ̀, tí wọ́n bá fi kọ Kàsákì, lẹ́tà mẹ́sàn-án yẹn á jáde bí ẹni pé ibòmíràn ni wọ́n ti yá wọn wá, ó tẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí àwọn tó kù ti sanra. Tẹ́ ẹ bá rí ДӘРІХАНА tí Ә ẹ̀ ò bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ dọ́gba, fọ́ǹtì ni.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà fúnra ẹ̀ tún ń bọ̀. Títí di 1929, lẹ́tà Lárúbáwá ni wọ́n fi ń kọ Kàsákì, Akhmet Baitursynuly ló tún un ṣe kó bá èdè náà mu, ìjọba Stalin sì pa ọkùnrin náà lọ́dún 1937. Ọdún 1929 wọ́n yí i sí lẹ́tà Látìnì, ọdún 1940 wọ́n tún yí i sí Sírílíìkì. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iléèwé lọ́dún 1925 ti kọ́ ìwé kíkà lẹ́ẹ̀mẹta kó tó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Oṣù October 2017, Nursultan Nazarbayev tó jẹ́ ààrẹ nígbà yẹn pàṣẹ pé kí wọ́n padà sí Látìnì kó tó di 2025, àmì bíntín tó ń wà lókè láàárín lẹ́tà ló kún inú ẹ̀ fọ́fọ́, àwọn èèyàn fi í ṣẹ̀sín débi pé oṣù February 2018 wọ́n ti pa á tì, wọ́n mú òmíràn wá. Ọdún 2021 wọ́n tún gbé òmíràn jáde, lẹ́tà 31, wọ́n ní àárín 2023 sí 2031 ni ìyípadà náà máa wáyé, Tokayev sì ń sọ pé kí wọ́n má kánjú. Ẹ wo ipò tí èyí fi ọlọ́ṣọ́ọ̀bù sí. Òfin ní kó kọ Kàsákì, èwo wá ni lẹ́tà Kàsákì? Ní báyìí Sírílíìkì ni, àmọ́ QAZAQSTAN ní Látìnì ti wà lára owó ẹyọ tí wọ́n ń ná, ó wà lára tẹlifíṣọ̀n ìjọba, ó sì ti wà lára ṣọ́ọ̀bù àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n rò pé Látìnì ló bágbà mu. Kò sẹ́ni tó fẹ́ fi irin ṣe pátákó olówó ńlá nírú àsìkò yìí.

Àwọn ará olú ìlú kúkú ti mọ́ra. Tselinograd ni wọ́n ń pe ìlú yẹn láyé Sófíẹ̀tì, ó di Akmola lọ́dún 1992, ó di Astana lọ́dún 1998, ó di Nur-Sultan lọ́dún 2019, ó tún padà di Astana lọ́dún 2022. Ẹni tó ń ṣe pátákó ní ìlú yẹn ò lè pa ebi mọ́nú láéláé.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi wé àwọn ará ilé wọn tẹ́lẹ̀ rí, Latvia le jù wọ́n lọ dáadáa, èdè orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo ni, nígbà tí wọ́n sì dìbò ní February 18, 2012 bóyá kí Rọ́ṣíà di èdè ìjọba kejì, nǹkan bí 75 nínú 100 sọ pé rárá. Ukraine ṣe òfin tiẹ̀ lọ́dún 2019. Belarus lọ sí òdìkejì, ìbò ọdún 1995 sọ Rọ́ṣíà di ọgbọọgba pẹ̀lú Belarusian. Kàsàkstán wà láàárín, ó sì nídìí. Ààlà ilẹ̀ tí òun àti Rọ́ṣíà jọ ní lé ní 7,000 kìlómítà, kò sí orílẹ̀-èdè méjì tí ààlà ilẹ̀ tó wà láàárín wọn gùn tó bẹ́ẹ̀ láìjá. Oṣù December 2020, ọmọ ilé aṣòfin Rọ́ṣíà kan tó ń jẹ́ Vyacheslav Nikonov sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé ilẹ̀ Kàsàkstán tòní jẹ́ ẹ̀bùn ńlá látọ̀dọ̀ Rọ́ṣíà. Ẹni tí aládùúgbò ẹ̀ bá ń sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí, tó sì ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ukraine, á máa fi sùúrù yí ọ̀rọ̀ pátákó po. "Tó bá yẹ" ni wọ́n kọ, wọn ò kọ "kò gbọdọ̀".

Gẹ̀ẹ́sì wá ńkọ́? Ọdún 2007 ni Nazarbayev gbé ètò èdè mẹ́ta jáde, Kàsákì, Rọ́ṣíà àti Gẹ̀ẹ́sì, ó sì hàn lójú títì. Ilé kọfí ní Almaty lè kọ orúkọ ẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì gàgàrà kó wá fi ọ̀rọ̀ Kàsákì kan sí i lókè. Orúkọ iléeṣẹ́ tí wọ́n ti forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ kò rọrùn láti sọ fún un pé kó di Kàsákì, àwọn ọlọ́gbọ́n sì mọ èyí. Ó ya èmi lẹ́nu pé àwọn tó ń bínú sí АПТЕКА kì í fi bẹ́ẹ̀ bínú sí COFFEE.

Ìbéèrè tó kù ni ti àwọn ẹ̀yà mìíràn, torí ẹ̀yà ibẹ̀ lé ní 100. Àwọn Uzbek pọ̀ ní Shymkent àti agbègbè Turkistan, wọ́n ní iléèwé tí wọ́n ti ń fi èdè wọn kọ́ni, àwọn Uyghur náà ní tiwọn lápá Almaty, àwọn Kòríà ní tíátà ní Almaty tó ti wà látìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ dá a sílẹ̀ ní Vladivostok lọ́dún 1932. Ṣé wọ́n lè fi èdè wọn kọ pátákó? Wọ́n lè fi kọ ọ́. Òfin 1997 gbà wọ́n láyè, ti 2021 náà gbà wọ́n láyè, lábẹ́ "tó bá yẹ" yẹn kan náà. Tí Kàsákì bá ti wà lókè tàbí lápá òsì, onílé oúnjẹ Uzbek lè fi Uzbek tẹ̀ lé e, kó fi Rọ́ṣíà kún un tàbí kó fi í sílẹ̀. Lójú òfin pátákó, ipò kan náà ni Uzbek, Kòríà, Gẹ̀ẹ́sì àti Rọ́ṣíà wà báyìí.